Owó Ẹyọ Ló Kọ́ Wa Ní Ìṣirò

Àwọn ọmọ wa máa ń sọ pé ìyá tí kò kàwé kò lè mọ ìṣirò. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Láyé owó ẹyọ, kí owó onírin òyìnbó tó gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹyọ la fi ń ra nǹkan díẹ̀. Ẹni tó bá ń tajà l'Ọ́jà'ba gbọ́dọ̀ lè ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Adolphus Mann, ajíhìnrere tó gbé Ìjàyè rí, kọ̀wé ní 1887 nípa bí wọ́n ṣe ń kà á: márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fọwọ́ fà á. Ogoji ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Okùn márùn-ún di igba, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000.

Ẹ wo 45, márùndínláàádọ́ta: ẹ mú ọgọ́ta, ẹ yọ mẹ́wàá, ẹ tún yọ márùn-ún. Ìṣirò kọ́ nìyẹn?

Àwọn Pirahã inú igbó Brazil kò ní orúkọ fún nọ́ńbà. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́n; ìgbé ayé wọn ò bèèrè rẹ̀ ni. Tiwa, ọjà ló bèèrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lónìí, tí a bá pe márùndínláàádọ́rin, ojú wa lọmọ ń wò. Ẹ̀yin ará Ìdí Arere, tí ẹ bá ń ṣírò owó ọjà lálẹ́, ẹ pe ọmọ sí tòsí, ẹ kà á sí i létí ní Yorùbá. Ogún ìyá wa ni, kó má parun mọ́ wa lọ́wọ́.