Ọrùn Gìtá Nígbà Ọyẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jókòó dáadáa. Bí ẹ bá rí gìtá, ẹ wo ọrùn rẹ̀. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, tí wọ́n to irin wẹ́wẹ́ sí lójú ní ìbú. Ibẹ̀ ni ìka ti ń tẹ okùn. Gòjé tí àwọn bàbá wa mọ̀ kò ní irú irin bẹ́ẹ̀: irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, etí ẹni tí ń ta á ló sì ń sọ ibi tí ìka yóò tẹ̀.

Ojú omi ni gìtá gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn Kru, ará Làìbéríà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó, ń fi ìka méjì péré ta á káàkiri èbúté. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ní ó kọ́ Kwame Asare ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Ẹgbẹ́ ọkùnrin yìí, Kumasi Trio, gba orin sínú àwo ní London ní 1928. Ní Èkó, Túndé King ṣe àwo orin jùjú ní 1936, Àyìndé Bákárè sì tẹ̀lé e ní 1937.

Ọ̀nà Gánà ni gìtá ilé wa náà gbà. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ lé àwọn àlejò ní ìparí 1969, bàbá wa àgbà padà sí Olúpọ̀nnà, nítòsí Ìwó, pẹ̀lú àpótí kan àti gìtá kan. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, èmi ni mo jogún gìtá náà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Mo ti rí i tí àwọn onílù ń sá ìlù sóòrùn lákòókò òjò kí awọ rẹ̀ lè le. Èmi náà bá sá gìtá. Inú ọyẹ́ ni a sì wà o! Nígbà tí mo rí i pé pátákó ọrùn rẹ̀ gbẹ, tí ó hó, mo fi àdín pa á bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun. Kò pẹ́, àdín kan, eruku lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì di ẹrẹ̀ dúdú lẹ́bàá irin. Ẹ má bi mí léèrè òórùn rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Lákòókò òjò, igi a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, a sì wú. Nígbà ọyẹ́, omi náà a jáde, igi a súnkì. Irin kì í súnkì bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí irin fi ń yọ gọngọ létí pátákó, tí ó ń ha ọwọ́. Oòrùn a sì tún máa rọ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ igi pọ̀.

Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó ta gìtá, nítorí iyọ̀ inú òógùn ń mú okùn dípẹtà. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ okùn, ìgbà náà ló yẹ kí ẹ tọ́jú pátákó. Ẹ tú okùn, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ nù ún. Ògbólógbòó búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni kí ẹ fi gbọn ìdọ̀tí ẹ̀bá irin. Bí kò bá lọ, ẹ rẹ etí aṣọ sómi, ẹ fún un dáadáa, ẹ nù ún, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e kíákíá. Bí igi náà bá dúdú tí wọn kò sì kùn ún, bí igi dúdú tí wọ́n ń gé ní Kamẹrúùnù, ẹ̀kán méjì òróró tí wọ́n ń tà fún gìtá tó o, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ nù ún kúrò pátápátá. Èyí tí wọ́n fi fáníìṣì kùn kò fẹ́ òróró rárá. Epo pupa, àdín, òróró ẹ̀pà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìyá yín.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi nu àdín kúrò. Nígbà tí igi náà mọ́, mo rí ihò méjì tí kò jìn lẹ́yìn irin kejì, níbi tí ìka bàbá àgbà ti jẹ igi wọlé. Mo fi ìka tèmi sí i. Ó bá a mu.