Ìkíni Ọwọ́ Nínà: Ǹjẹ́ Ọ̀dọ̀ Àwọn Ará Róòmù Àtijọ́ Ni Ó Ti Ṣẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìkíni kan wà tí ẹgbẹ́ Fáṣísì ní Ítálì àti ẹgbẹ́ Násì ní Jámánì sọ di àmì ara wọn: ẹni tí ń kíni yóò na apá ọ̀tún síwájú gbọnrangandan, yóò sì da àtẹ́lẹwọ́ dé ilẹ̀. Mussolini àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìkíni Róòmù àtijọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀.

Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, a ó rí i pé kò sí ìwé Róòmù àtijọ́ kan tí a mọ̀ tí ó ṣàpèjúwe ìkíni yìí. Lóòótọ́, àwọn tí ó gbé ọwọ́ sókè wà lára òpó ìrántí ogun tí ọba Trajan ní ní Róòmù, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 113 lẹ́yìn ìbí Kristi. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó bá ti àwọn Fáṣísì mu pátápátá.

Níbo ni ó ti wá nígbà náà? Inú àwòrán ni. Ní 1784, Jacques-Louis David, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ya àwọn arákùnrin mẹ́ta ará Róòmù tí wọ́n na apá sí idà tí bàbá wọn gbé lọ́wọ́. Ìbúra ni wọ́n ń ṣe. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Láti ara àwòrán ni ó ti dé orí ìtàgé, tí ó sì wọ inú sinimá. Ó hàn nínú *Cabiria* ní 1914, sinimá tí akéwì Gabriele D'Annunzio lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí D'Annunzio kan náà kó ọmọ ogun gba ìlú Fiume ní 1919, ìkíni náà di ara ayẹyẹ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn Fáṣísì ti mú un. Ní 1926, ẹgbẹ́ Násì sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, láti 1892 ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń na apá sí àsíá bí wọ́n bá ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún orílẹ̀-èdè wọn. Ní oṣù Kejìlá 1942, nígbà tí wọ́n ń bá Jámánì jagun, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi gbígbé ọwọ́ lé àyà rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tí ń wá agbára a máa wá baba ńlá fún ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, nítorí pé ó ṣòro fún ènìyàn láti bá àṣà àtijọ́ jiyàn. Ìdí nìyí tí òpìtàn fi gbọ́dọ̀ máa béèrè pé: ta ni ó rí i, níbo, ní ọdún wo? Títí di òní, òfin Jámánì ka ìkíni náà léèwọ̀. Kì í ṣe Róòmù ni ó sọ ọ́ di ẹlẹ́rùjẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe iṣẹ́ ibi tí àwọn tí ń fi í kí ara wọn fi ọwọ́ wọn ṣe.