Ẹjọ́ Òǹkàwé Níwájú Olóòtú “Akéde Èkó”

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé olóòtú ní ọ̀gá. Ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ lè pè é sí kọ̀rọ̀ kí ó sì wí fún un pé, “Má ṣe tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde.” Bí òǹkàwé bá sì mú ẹjọ́ wá, olóòtú lè nawọ́ sí ọ̀gá náà. Àwọn tí wọ́n fi èdè Yorùbá tẹ ìwé ìròyìn láàárín ọdún 1920 sí 1930 kò ní irú ibi ìsádi bẹ́ẹ̀. Adéoyè Dẹ́nígà dá “Èkó Àkéte” sílẹ̀ ní ọdún 1922; E. A. Akíntán dá “Ẹlẹ́tí Ọfẹ” sílẹ̀ ní 1923, D. A. Ọbasá dá “The Yoruba News” sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924. Isaac Babalọlá Thomas sì dá “Akéde Èkó” sílẹ̀ ní 1928. Olúkúlùkù wọn ni ó ni ìwé rẹ̀, òun náà ni olóòtú, òun kan náà ni ó sì ń tọ àwọn onígbèsè lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òmìnira ni èyí já sí. Láti ọdún 1903 ni òfin ìjọba Èkó ti béèrè pé kí ẹni tí yóò tẹ ìwé ìròyìn jáde fi onídùúró lélẹ̀ fún £250, owó tí ó tó láti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹdun arinlẹ̀ ní ìgbà náà. Ní ọdún 1928 gan-an tí “Akéde Èkó” bẹ̀rẹ̀, ilé-ẹjọ́ rán Herbert Macaulay sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ọ̀rọ̀ tí “Lagos Daily News” tẹ̀ jáde lórí ẹ̀mí Eṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá sì fi ti ìjọba sílẹ̀, ti àwọn òǹkàwé wà níbẹ̀. Àwọn tí ń gba ìwé láwìn pọ̀, àwọn olóòtú a sì máa bẹ̀ wọ́n nínú ìwé wọn, nígbà mìíràn wọn a máa bá wọn wí kíkankíkan, pé kí wọ́n san gbèsè. Ó ṣòro láti bínú sí ẹni tí ó kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí ọ nígbà tí o ṣì ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú ipò yìí ni Thomas wà nígbà tí lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú “Akéde Èkó” ní oṣù Keje ọdún 1929. Sẹ̀gilọlá ni obìnrin náà pe ara rẹ̀, “Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé.” Ó ti di arúgbó, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, òṣì sì ti mú un, ó wá ń ro ẹjọ́ ayé rẹ̀ fún àwọn ọmọ Èkó láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀: bí ẹwà rẹ̀ ti rí, àwọn ọkùnrin tí ó tàn, ilẹ̀ tí ó dà, àti bí gbogbo rẹ̀ ṣe já sí asán. Ó dárúkọ àwọn àdúgbò Èkó, ó sì mú àwọn orin tí ìlú ti ń kọ láti ìgbà èwe rẹ̀ wọ inú ìtàn. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ gidi àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Èmi kò gbà pé ojú àánú nìkan ni ó fa èyí. Ẹni tí ń tẹ̀wé ní Èkó mọ ohun tí ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ lè náni.

Lẹ́tà wá ń ya wọ ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn kan káàánú obìnrin náà, a sì rí ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ sí i. Àwọn mìíràn ń béèrè bóyá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ wà, tàbí olóòtú ni ó ń fi wọ́n ṣeré. Ohun tí Thomas ṣe ni pé kò sin àwọn lẹ́tà náà sínú àpótí. Ó tẹ̀ wọ́n jáde nínú ìwé ìròyìn kan náà tí ìtàn náà wà. Bẹ́ẹ̀ ni iyèméjì òǹkàwé fi di ara ohun tí òǹkàwé ń rà. Ọgbọ́n ńlá ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ́n ọlọ́jà ni pẹ̀lú.

Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le fún ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀, tí èmi náà sì wà lára wọn. Ẹni tí ó béèrè pé, “Ṣé òótọ́ ni?” béèrè ohun tí ó tọ́ kí a béèrè lọ́wọ́ ìwé ìròyìn. Ó rí lẹ́tà rẹ̀ ní títẹ̀, kò rí ìdáhùn. Bí Thomas bá jẹ́wọ́, ìtàn náà a tú, ọjà a sì kú. Bí ó bá dákẹ́, ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ nítorí àánú ti fi í fún ẹni tí kò sí. Bí ó bá jẹ́ pé olóòtú kan wà tí kì í ṣe òun ni ó ni ìwé, bóyá ẹni náà ìbá ti bá olówó jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni Thomas ìbá bá jiyàn? Òun ni ọ̀gá tí ń fẹ́ kí ìwé tà, òun náà ni olóòtú tí ó yẹ kí ó sọ òótọ́. Ó yàn láti dákẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìtàn àròsọ kò jẹ gbèsè òótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí a bá ti pè é ní ìtàn àròsọ. Àwọn ará Èkó ọdún 1929 kò tíì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lédè Yorùbá tí wọn ìbá fi wé e. Ojú ìròyìn ni wọ́n fi wò ó, nítorí inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti bá a.

Lẹ́tà Sẹ̀gilọlá parí ní oṣù Kẹta ọdún 1930, Thomas sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pè é ní ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìwé Fágúnwà tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1938. Ní ọdún 2012, Karin Barber tún un tẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Thomas ti kú ní 1963.