Ìmọ̀ràn Tó Ń Bá Aboyún Délé ní Gúúsù Áfíríkà

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tú agbo ilé ká, tí wíwá iṣẹ́ sì ń lé ọ̀dọ́ kúrò ní abúlé lọ sí Johannesburg àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, àìmọye ọmọbìnrin ló ń lóyún níbi tí ìyá wọn kò sí nítòsí láti tọ́ wọn sọ́nà, tí èrò sì pọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba débi pé nọ́ọ̀sì kì í ráyè bá ẹnì kan jókòó pẹ́.

Nígbà tí àrùn HIV gbòde, tó fi di pé nínú aboyún 4 tó ń lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, bí 1 ló ní kòkòrò náà lára, ẹgbẹ́ Treatment Action Campaign gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ nítorí oògùn nevirapine, kí àrùn má bàa máa ti ara ìyá ran ọmọ, èjìgbàrà ìlẹ̀kẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2002, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ òfin ìpìlẹ̀ dá wọn láre. Oògùn wá di ẹ̀tọ́ aboyún. Ṣùgbọ́n oògùn kò wúlò fún ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ ṣàyẹ̀wò.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014 ni Aaron Motsoaledi, mínísítà ètò ìlera nígbà náà, ṣí ètò MomConnect, tó ń fi irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù aboyún. Bí nọ́ọ̀sì bá ti rí i dájú pé obìnrin kan lóyún, obìnrin náà yóò mú fóònù rẹ̀, ìbáà ṣe kékeré, yóò tẹ *134*550#, yóò sì sọ èdè tó fẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n ń retí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tó bá ọjọ́ orí oyún rẹ̀ mu yóò máa wọlé fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ní èdè tó yàn nínú èdè 11 tí ìjọba ń lò nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, bíi Zulu, Xhosa, Sotho àti Venda. Ẹni tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ oṣù kẹta kì í gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ìrọbí kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó ti bímọ a sì máa gbọ́ nípa ọmú àti abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ibi tí ètò yìí ti yẹ fún oríyìn ni pé obìnrin náà lè fèsì. Ó lè bi àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà ní ìbéèrè, ó lè fi ẹjọ́ nọ́ọ̀sì tó jágbe mọ́ ọn sùn, ó sì lè yin ẹni tó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ìyìn tó wọlé sì pọ̀ ju ẹ̀sùn lọ. Nígbà tí wọ́n fi WhatsApp kún un ní ọdún 2017, àwọn obìnrin tó ti forúkọ sílẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Ẹ̀yin aláṣẹ ìlera nílẹ̀ Yorùbá, àdúrà wa fún aboyún ni pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ìmọ̀ràn máa bá a délé ní èdè Yorùbá, lásìkò tó tọ́ sí i, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa gbọ́ èsì rẹ̀.