Odi Lucca àti Ọ̀ràn Ibi Ìgbọ́kọ̀sí ní Àwọn Ìlú Olódi Ítálì

Odi tó yí ìlú Lucca ká, ní agbègbè Tuscany ní Ítálì, gùn tó kìlómítà 4.2, kò sì sí ibi kan tó ti wó lára rẹ̀. Ó ga tó mítà 12, ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 30, igi ńláńlá sì tò sórí rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Nínú odi yìí, púpọ̀ nínú àwọn òpópónà ṣì ń tẹ̀ lé ojú ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù là nígbà tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ní ọdún 180 ṣáájú ìbí Jésù. Via Fillungo, tí ìsọ̀ kún ọ̀tún kún òsì, há débi pé bí mọ́tò kan bá dúró síbẹ̀, ara ògiri ni ẹlẹ́sẹ̀ yóò máa gbà kọjá. Ibi tí àlejò irú ìlú bẹ́ẹ̀ yóò fi ohun tó gùn wá sí kì í ṣe ọ̀ràn tí mọ́tò dá sílẹ̀. Ó ti wà nílẹ̀ láti ayé ẹlẹ́ṣin.

Ní ọdún 45 ṣáájú ìbí Jésù, òfin Julius Caesar ka ìrìn kẹ̀kẹ́ ẹrù léèwọ̀ nínú ìlú Róòmù láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí di wákàtí kẹwàá ojúmọ́. Ìwọ̀nba kẹ̀kẹ́ díẹ̀ ni òfin náà yọ̀ǹda: àwọn tó ń gbé ohun èlò fún kíkọ́ ilé àwọn òrìṣà, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí jáde, àti àwọn tí wọ́n fi ń ṣe ayẹyẹ ìlú. Òru ni àwọn yòókù wá ń wọlé, ariwo wọn kò sì jẹ́ kí aráàlú sùn. Akéwì Juvenal tilẹ̀ fi ẹ̀hónú hàn nípa rẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní Pompeii, tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79, àwọn tó ń hú ìlú náà jáde rí i pé ìtòsí ẹnubodè ni ọ̀pọ̀ ilé èrò wà. Níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n á dá etí títì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí kẹ̀kẹ́ lè yà wọ àgbàlá. Ihò kéékèèké tí wọ́n dá sára òkúta etí títì, níbi tí wọ́n ń so okùn ẹran mọ́, ṣì wà níbẹ̀ di òní. Àlejò á já ẹrù sílẹ̀ nítòsí ẹnubodè, á so ẹran rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi tó bá ń lọ.

Lẹ́yìn tí ìjọba Róòmù túká, tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń dá ara rẹ̀ ṣọ́, ẹnubodè di ibi tí agbára ìlú ti ń hàn jù lọ. Alẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń tì í. Oníbodè ló ń yẹ ẹrù wò, òun náà ló sì ń gba owó bodè lórí wáìnì, ọkà, ẹran àti epo tó ń wọlé. Àwọn ilé èrò tó ní ilé ẹṣin kò jìnnà sí ibẹ̀, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ibẹ̀ ni onírìnàjò tó ti rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dé. Owó bodè yìí pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ: ọdún 1930 ni ìjọba Ítálì tó fòpin sí i, nígbà tí mọ́tò ti ń sáré lójú títì, tí ọ̀nà márosẹ̀ àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà, èyí tí wọ́n ṣí láti Milan ní ọdún 1924, ti pé ọdún mẹ́fà.

Odi Lucca tí ojú ń rí lónìí kì í ṣe àkọ́kọ́. Àwọn ará Róòmù ní tiwọn, wọ́n tún kọ́ òmíràn ní sáà àárín. Èyí tó wà báyìí bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí àgbá ti lágbára débi pé ó ń fọ́ ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ sí wẹ́wẹ́. Lucca jẹ́ ìlú olómìnira kékeré, ó sì ń bẹ̀rù Florence tó ti gbé ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ mì. Iṣẹ́ náà gbà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ló tó parí: ògiri bíríkì níta, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ nínú, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń di iyẹ̀pẹ̀ náà mú lókè, àti igun 11 tó yọ síta tí wọ́n ń to àgbá sí. Ẹnubodè mẹ́ta péré ni wọ́n fi sí i, kò sì sí ọ̀kankan níhà ìlà oòrùn tí Florence wà. Ní Porta San Pietro, èyí tó kọjú sí gúúsù, irin tí wọ́n máa ń já sílẹ̀ láti dí ọ̀nà ṣì so rọ̀ lókè, ọ̀rọ̀ náà LIBERTAS, èyí tí í ṣe òmìnira, sì wà ní fífín sára òkúta.

Ohun tí àwọn oníjagun ṣe sí ìta odi ni ó ṣe pàtàkì jù fún ìtàn yìí. Kí ọ̀tá má baà rí ibi sá pamọ́ sí, ìjọba Lucca ní kí wọ́n wó ilé, kí wọ́n gé igi, kí wọ́n sì pa ọgbà rẹ́ yí ìlú náà ká. Tagliata ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Ìyà ńlá ló jẹ́ fún àwọn tó ń gbé ìta odi. Wọ́n pàdánù ilé àti ohun ọ̀gbìn nítorí ogun tí kò tíì dé, tí kò sì dé rárá, torí kò sí ọmọ ogun kankan tó gbógun ti odi náà láti ìgbà tó ti parí. Omi nìkan ló gbìyànjú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1812, odò Serchio kún àkúnya, wọ́n ti àwọn ẹnubodè pa, odi náà sì dá àgbàrá dúró níta. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n pa lára yẹn kò kún fún ilé mọ́ títí dé ẹsẹ̀ odi. Pápá oníkoríko ni apá tó sún mọ́ odi jù lónìí, títì ńlá tó yí ìlú ká wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì náà àti ìkọjá rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí wà. Ọ̀kan nínú wọn, tó tóbi, ṣì ń jẹ́ Le Tagliate.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ìlú Ítálì ka odi wọn sí ìdènà. Florence wó èyí tó pọ̀ jù nínú odi rẹ̀ níhà àríwá odò Arno láti ọdún 1865, nígbà tó di olú ìlú Ítálì, ayàwòrán ilé Giuseppe Poggi sì fa títì gbọọrọ sí ojú ibi tí odi wà. Bologna bẹ̀rẹ̀ sí í wó tirẹ̀ ní ọdún 1902. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ yóò fẹ́, iṣẹ́ yóò wà fún aláìríṣẹ́. Títì ni wọ́n rí gbà, ẹnubodè díẹ̀ ló sì ṣẹ́ kù, tó dá dúró láàárín mọ́tò tó ń yí i po. Àdánù gbáà ni. Ọ̀nà mìíràn ni Lucca gbà. Ọmọbìnrin ọba Bourbon, Maria Luisa, tó di alákòóso rẹ̀ ní ọdún 1817, sọ orí odi di ibi ìgbafẹ́. Ní ọdún 1866, ìlú náà ra odi rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè. Dípò kí wọ́n wó o, wọ́n lu ẹnubodè tuntun sí i: Porta Elisa ti wà láti ọdún 1811, wọ́n fi Porta Sant'Anna kún un ní ọdún 1911 àti Porta San Jacopo ní ọdún 1930. Ọkọ̀ ojú irin láti Pisa, tó dé ní ọdún 1846, ìta odi ni wọ́n kọ́ ibùdó rẹ̀ sí.

Ìgbà tí mọ́tò di ohun tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà ni ìṣòro wá le. Fiat gbé 600 jáde ní ọdún 1955, ó sì gbé 500 tuntun jáde ní ọdún 1957. Èyí kò gùn tó mítà mẹ́ta, kò sì sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tí kò lè wọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, gbàgede ìlú di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ní Lucca, Piazza Napoleone kún fún mọ́tò, ọkọ̀ sì ń gba orí odi kọjá lábẹ́ àwọn igi. Ní Siena, wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí Piazza del Campo, gbàgede bíríkì tí wọ́n ti ń sá eré ẹṣin Palio ní ọjọ́ kejì oṣù keje àti ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ. Siena ló kọ́kọ́ ta kò ó tọkàntara. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ìgbìmọ̀ ìlú náà lé mọ́tò kúrò ní àárín ìlú, èyí tí ìlú Ítálì kankan kò tíì ṣe rí. Ìpinnu náà gba ìgboyà, torí àwọn oníṣòwò ń bẹ̀rù pé oníbàárà kò ní wá mọ́. Àwọn ìlú mìíràn tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà.

Lílé ọkọ̀ jáde nìkan kò tó, pàápàá ní ìlú orí òkè, tí arúgbó kò lè gun láti ìsàlẹ̀. Perugia rí ọgbọ́n dá sí i, ọgbọ́n náà sì ní ìtàn nínú. Ní ọdún 1540, àwọn ará Perugia ṣọ̀tẹ̀ sí Póòpù Paul Kẹta nítorí owó orí iyọ̀. Wọ́n pàdánù ogun náà, Póòpù sì kọ́ ilé ìṣọ́ ńlá kan, Rocca Paolina, sórí àdúgbò ìdílé Baglioni tó jẹ́ alágbára ìlú. Kì í ṣe pé wọ́n kó gbogbo ilé náà kúrò: wọ́n fi òrùlé bíríkì bo òpópónà àti ìsàlẹ̀ ilé mọ́lẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ìṣọ́ lé e. Nígbà tí Perugia bọ́ lọ́wọ́ Póòpù ní ọdún 1860, aráàlú fi ìbínú wó òkè rẹ̀ lulẹ̀. Ìsàlẹ̀ kù. Ní ọdún 1983, wọ́n gbé àtẹ̀gùn oníná gba inú rẹ̀ kọjá. Awakọ̀ á gbé ọkọ̀ sí Piazza Partigiani nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn á gbé e wọ inú òpópónà abẹ́ ilẹ̀ tí ògiri ilé àwọn Baglioni wà lọ́tùn-ún lósì, á sì jáde sí Piazza Italia lókè. Ní oṣù kìíní ọdún 2008, wọ́n fi Minimetrò kún un, ọkọ̀ kéékèèké tí okùn irin ń fà láti ibi ìgbọ́kọ̀sí Pian di Massiano. Orvieto, ìlú orí òkè mìíràn, náà jí ọkọ̀ tó ń gbé èrò gun òkè rẹ̀ dìde ní ọdún 1990. Omi ló ń gbé e nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i ní ọdún 1888, iná mànàmáná ló ń gbé e báyìí. Siena ní àtẹ̀gùn oníná tirẹ̀ láti Fontebranda.

Òfin tẹ̀ lé àṣà. Òfin 122 ti ọdún 1989, tí wọ́n ń fi orúkọ mínísítà Carlo Tognoli pè, ṣètò owó fún kíkọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí káàkiri ìlú ńlá. Òfin ìrìnnà ti ọdún 1992 fún ìgbìmọ̀ ìlú láṣẹ láti pààlà agbègbè tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ láìgba ìyọ̀ǹda, èyí tí wọ́n ń kọ lẹ́tà ZTL fún. Ní ọdún 1999, àṣẹ mìíràn la ọ̀nà sílẹ̀ fún kámẹ́rà ní ẹnu agbègbè náà. Kámẹ́rà yìí ló ń ṣe iṣẹ́ oníbodè báyìí. Ó ń ya nọ́ḿbà ọkọ̀, ó sì ń fi wé orúkọ àwọn tó ní ìyọ̀ǹda. Ẹni tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹta láìní ìyọ̀ǹda lè gba ìwé ìtanràn mẹ́ta. Kò sí ọ̀pá tó dí ọ̀nà ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àmì róbótó funfun tí pupa yí etí rẹ̀ ká nìkan ló wà, pẹ̀lú wákàtí tí òfin fi ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Àlejò tó yá ọkọ̀ kì í sábà mọ̀ pé òun ti rú òfin àfìgbà tí ìwé bá dé ilé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ilé iṣẹ́ tó yá a lọ́kọ̀ yóò sì ti gba owó tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún fífi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá.

Àwọ̀ ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ ló ń sọ ẹni tó lè dúró. Funfun jẹ́ ọ̀fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ní gbèdéke wákàtí. Níbẹ̀, awakọ̀ á fi páálí tó ń ṣàfihàn àkókò tó dé síwájú ọkọ̀. Aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń sanwó fún. Èyí tó jẹ́ yẹ́lò wà fún àwọn onílé, àwọn aláàbọ̀ ara tàbí àwọn mìíràn tí òfin dárúkọ. Ilé ìtura tó wà nínú odi lè fi nọ́ḿbà ọkọ̀ àlejò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìlú, kí ó lè wọlé já ẹrù kí ó sì jáde, ṣùgbọ́n kí ó tó wọlé ni ó ti yẹ kó béèrè.

Ní Lucca, àǹfààní ìta odi pọ̀ ju ti inú lọ. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wà nínú odi náà, àmọ́ wọ́n kéré, wọ́n wọ́n, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ sì wà létí agbègbè ZTL. Ìta ni ọlọ́gbọ́n ń dúró sí. Láti etí títì tó yí ìlú ká níhà gúúsù, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan gba àárín koríko kọjá dé ìdí igun San Colombano. Ihò kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ìgbà náà gbẹ́ láti máa gbà jáde yọ sí ọ̀tá lójijì. Ó ṣókùnkùn díẹ̀, ògiri bíríkì rẹ̀ tutù, àtẹ̀gùn òkúta ló sì gbé ni jáde sínú ìlú, nítòsí ilé ìjọsìn ńlá San Martino. Ìrìn náà kò gba àkókò rárá, ó sì dára ju kí a máa yípo nínú ọ̀nà tóóró.

Àsìkò kan wà tí ètò yìí kì í gba gbogbo èrò. Láti ọdún 1966 ni Lucca ti ń gba àwọn olólùfẹ́ ìwé àwòrán ìtàn lálejò, ayẹyẹ náà sì ti di Lucca Comics & Games, èyí tó ń wáyé ní ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń ya wọ̀ ọ́. Ìta odi máa ń kún bámúbámú lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Àwọn tó bá mọ ìlú náà á fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ ní Pisa tàbí Viareggio, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ ojú irin wá, torí ibùdó rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí odi.