Sítúdíò Inú Ilé ní Holloway Road

Láyé tí ó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló ń gba orin sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Joe Meek, agbórinjáde kan, sọ ilé tó háyà lókè ṣọ́ọ̀bù àpò aláwọ kan ní Holloway Road di sítúdíò, ìyẹn ibi ìgbohùn-sílẹ̀. Akọrin a máa kọrin ní balùwẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè dún padà lára ògiri, onífayolíìnì a sì dúró sórí àtẹ̀gùn. Orin aláìlọ́rọ̀ tí wọ́n ṣe níbẹ̀, “Telstar” ti ẹgbẹ́ The Tornados, gba ipò kìíní ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà lọ́dún 1962. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá ti pọ̀, ìyá onílé a fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà láti ìsàlẹ̀. Ẹjọ́ tí olórin Faransé kan pè, pé orin òun ni wọ́n jí, sì dá owó “Telstar” dúró títí Meek fi kú ní 1967, kí ìdájọ́ tó gbè é.