Ibo ló yẹ kí ráútà wà nínú ilé? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó ra dátà míì

Dátà wà lórí síìmù, owó ti jáde lápò, síbẹ̀ fídíò kò lọ, ọmọ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ iléèwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ti lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bú. Àwọn kan á ra dátà kún dátà, àwọn míì á pààrọ̀ síìmù. Lóòótọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ṣe ségesège nígbà míì, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí wọ́n gbé ráútà sí gan-an ni ìṣòro wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ dátà olóṣooṣù ló ní ọjọ́ tó máa parí. Tọ́jọ́ yẹn bá pé tí wọn ò tún un rà, èyí tí wọn ò rí lò ti wọgbó nìyẹn.

Iṣẹ́ méjì ni ráútà ń ṣe

Ráútà tó wọ́pọ̀ nílé wa báyìí, síìmù 4G tàbí 5G ló ń lò. Bákan náà ni MiFi kékeré tí wọ́n ń gbé sápò. Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ yìí máa gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti orí òpó tó wà níta. Ìkejì, á wá fi Wi-Fi pín in fún fóònù, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n inú ilé. Ọ̀kan lè dáa kí èkejì má dáa.

Ibí yìí ló ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Tí àmì Wi-Fi bá kún lójú fóònù, ohun tó ń sọ ni pé fóònù ń gbọ́ ráútà dáadáa. Kò sọ bóyá ráútà ń gbọ́ òpó. Àmì tàbí iná tó wà lára ráútà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ibi tí ìṣòro wà

Ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà 2 sí ráútà, kẹ́ ẹ ṣí fast.com lórí fóònù. Á sọ bí íńtánẹ́ẹ̀tì yín ṣe ń yára tó. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ sí yàrá tí ẹ ti ń ráhùn, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ìdánwò yìí ń jẹ dátà o, ẹ má ṣe é léraléra.

Tí nọ́ńbà méjèèjì bá kéré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ráútà ò rí òpó dáadáa. Tó bá pọ̀ nítòsí ráútà, tó wá já wálẹ̀ nínú yàrá, ògiri àti jíjìnnà ló ń fà á. Ẹ dán an wò láàárọ̀ àti ní nǹkan bí aago 9 alẹ́, torí èrò máa ń pọ̀ lórí òpó lálẹ́. Tó bá dáa láàárọ̀ tó sì burú lálaalẹ́, ẹ̀bi ibi tẹ́ ẹ gbé ráútà sí kọ́.

Tó bá jẹ́ òpó ni ráútà ò rí

Ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ògiri búlọ́ọ̀kù, kọnkéré tó ní irin nínú àti páànù òrùlé ló ń dín agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì kù. Ẹ dán ju fèrèsé kan lọ wò, torí òpó lè wà lẹ́yìn ilé kí ráútà wà níwájú. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kẹ́ ẹ tó wo àmì. Nínú ètò ọ̀pọ̀ ráútà, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní RSRP. Bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló ṣe dáa tó: -85 dáa ju -110 lọ. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òkè sábà máa ń dáa ju ìsàlẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ má gbé e síta, òjò àti oòrùn á bà á jẹ́.

Tó bá jẹ́ inú ilé ni Wi-Fi ò dé

Ìgbì rédíò ni Wi-Fi, bíi ti rédíò tẹ́ ẹ ń gbọ́, àmọ́ agbára tiẹ̀ kéré gan-an. Àárín ilé ló dáa fún un jù, níbi tó ga tó èjìká tàbí orí èèyàn. Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ráútà kì í ṣe ẹrù ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ yẹra fún àwọn ibí yìí:

- Ẹ̀gbẹ́ fìríìjì, ilẹ̀kùn onírin tàbí dígí ńlá. Irin máa ń dá ìgbì padà.
- Ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi. Omi máa ń fa ìgbì mu.
- Inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ooru á tún mú ẹ̀rọ níbẹ̀.
- Ẹ̀gbẹ́ microwave. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń dí Wi-Fi 2.4GHz lọ́wọ́.

Tí ráútà bá ní 2.4GHz àti 5GHz, ẹ lo 5GHz nítòsí torí ó yára jù, kẹ́ ẹ lo 2.4GHz fún yàrá tó jìnnà torí ó ń la ògiri kọjá jù. 5GHz yìí kì í ṣe 5G o. Wi-Fi inú ilé ni 5GHz, nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òpó ni 5G. Tí áńtẹ́nà bá wà lára ráútà, èyí tó dúró ṣánṣán máa ń ràn sí ẹ̀gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ dá ọ̀kan dùbúlẹ̀.

Fèrèsé tàbí àárín ilé?

Tí ibi méjèèjì ò bá bára mu, ẹ jẹ́ kí ráútà kọ́kọ́ rí òpó, torí kò lè pín ohun tí kò gbà. Tí Wi-Fi ò bá wá dé yàrá ẹ̀yìn, ẹ lè ra ẹ̀rọ tó ń gbà á sọ síwájú. Àárín ọ̀nà, níbi tí Wi-Fi ṣì ti lágbára, ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe inú yàrá tí kò dé.

Tó bá jẹ́ pé gbogbo fèrèsé ni kò dáa, láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ṣeé ṣe kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà má lágbára ládùúgbò yín. Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ fi fóònù ẹni tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì dán an wò lójú fèrèsé kan náà. Ẹ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Tí wọn ò bá yanjú ẹ̀, àjọ NCC ń gba ẹ̀sùn àwọn oníbàárà lórí 622.